Òkun Tí Wọ́n Ṣẹ́po Bí Aṣọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, 2025

Lateefah ayálégbé mi ló ń kọ ọ́. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá wí, kó má tún un ṣe. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà parọ́ mọ́ mi lọ́la. Kòfowórọlá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ní òun ń lọ sórí ọkọ̀ ojú omi. Oṣù méjì. Òkun kan lẹ́bàá Filipíìnì. Mo ní kí ló sọnù síbẹ̀? Ó ní wọ́n fẹ́ yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò. Olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló mú un nínú gbogbo kíláàsì. Òun nìkan. Ọkùnrin ni olùkọ́ náà. Hẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Kòfowórọlá tún da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ nígbà tí mo wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ní kó ṣàlàyé òkun ọ̀hún, kí n mọ̀ bóyá irọ́ ni. Ó ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ń dàgbà. Òkè gígùn kan wà lábẹ́ omi, ó là láàárín. Òkúta yíyọ́ ń jáde níbẹ̀, ó ń tutù, ó ń di ilẹ̀ tuntun, ó ń ti èyí àtijọ́ sọ́tùn-ún sósì. Nínú agbami ńlá, ọ̀tún àti òsì sábà máa ń fẹ̀ ní déédéé. Ṣùgbọ́n nínú òkun kéékèèké tó há sáàárín ilẹ̀ ńlá àti erékùṣù, bí èyí tí wọ́n ń lọ, ẹ̀gbẹ́ kan lè máa gba ilẹ̀ ju èkejì lọ. Nígbà mìíràn òkè náà á tilẹ̀ fi ibùjókòó rẹ̀ sílẹ̀, á lọ là síbòmíràn. Èyí àtijọ́ á kú.

Mo ní bí ọkùnrin tó níyàwó méjì. Ó rẹ́rìn-ín — "Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà!"

Ó mọ̀ ọ́n sọ. Onírọ́ náà máa ń mọ̀ ọ́n sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Mo ní kí Ọ̀gá Òkun — bí mo ṣe ń pe olùkọ́ náà nìyẹn — wá kí n rí i sójú. Bí kò bá wá, kò sí ìrìn àjò. Kòfó ń sunkún. Kó máa sun ún. Rùkáyàt ti Pápá Àjàó náà ní iṣẹ́ lòun ń lọ ṣe lókè òkun. Ọdún mẹ́rin rèé, a ò gbúròó rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó wá. Tòun tìyàwó. Dókítà Àkàngbé lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. Mo bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ń wo àwọn ọmọbìnrin. Ó ní, "Màmá, èmi àti òkúta la jọ ń du ọkọ mi. Obìnrin ì bá tilẹ̀ sàn díẹ̀." Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ọkùnrin náà tẹ́ máàpù ìsàlẹ̀ òkun náà sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kòfó ló yà á, ó ní. Máàpù ọ̀hún ló jẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà gbà á. Pupa, yẹ́lò, búlúù, ìlà lórí ìlà, òkè náà láàárín. Ó ń yin ọmọ. Kòfó ò wo máàpù. Ògiri ló ń wò.

Èmi wò ó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ta àdìrẹ ní Tejúoṣó. Tí o bá ṣẹ́ aṣọ po sí méjì kí o tó dì í, kí o tó rẹ ẹ́ sínú aró, ohun tó bá wà lọ́tùn-ún ló máa wà lósì. Àbàwọ́n pàápàá á di ìbejì. Lórí máàpù yẹn, ìlà kan yọ ṣóńṣó bí etí ewúrẹ́ lápá òsì. Mo wo apá ọ̀tún. Etí ewúrẹ́. Ibì kan náà gan-an.

Òkun tí wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò dọ́gba.

A kì í bọ́ ọmọ ẹni síhòòhò lójú àlejò. Mo fún wọn ní mínírà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo bi Kòfó. Ó kọ́kọ́ ní kí ni mo mọ̀ nípa máàpù. Mo ní mo mọ aṣọ tí wọ́n ṣẹ́po. Ó bá jókòó sílẹ̀. Òsì nìkan ló rí ṣe tán. Ọ̀tún le, ìwọ̀n ibẹ̀ ò pé, ọjọ́ sì ti lọ; ó yí òsì padà, ó fi ṣe ọ̀tún. Olùkọ́ rẹ̀ ò mọ̀. Fóònù tó ń dà dojú bolẹ̀ — àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń béèrè ìwọ̀n apá ọ̀tún.

Mo ní kó lọ jẹ́wọ́. Ó ní tóun bá jẹ́wọ́, wọn ò ní mú òun lọ mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Kòfó ti sọ fún Dókítà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Joshua, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló máa lọ. Dókítà ò lé Kòfó. Ó ní kó tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kòfó kí mi láàárọ̀ — ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó jáde. Kò fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín rẹ̀.

Lateefah gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Ó ní ká ní ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà, tí ọmọ ò ní fi mí sílẹ̀ lọ síbì kankan, ṣé mo máa wo apá ọ̀tún yẹn?

Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Mo ní kó máa kọ̀wé ẹ̀ lọ. Ó ní kí ni kóun kọ?

Mo ní kó kọ ọ́ pé òun bi mí. Kó kọ ọ́ pé mi ò dáhùn.