Bí Màmá Ṣe Sọ̀kalẹ̀ ní Matsumoto

Vickery Meadow,
Dallas, Texas.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Waleed àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó wa Husseinat wà ní Houston? Ara àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé yín. Mo ti kí ọ bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀gbọ́n kí àbúrò. Ó parí síbẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ni pé lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin kí o tó fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Lánàá ni mo rí fídíò tí o gbé sórí WhatsApp ẹbí. Màmá ń gun àtẹ̀gùn ààfin àtijọ́ tó wà ní Matsumoto, orin ń dún lábẹ́ rẹ̀, o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá rẹ, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ti ṣẹ́gun ààfin àwọn jagunjagun Japan. Gbogbo ẹbí láti Ìsẹ́yìn dé London ló ń ṣàdúrà fún ọ pé ọmọ rere ni ọ́. Ọmọ rere!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo wa jọ lọ sí ààfin náà, ṣebí Màmá sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó létí omi yìí, kí n máa wo ẹja. Orúnkún mi ò fẹ́ òkè." Èmi nọ́ọ̀sì tí mo ń fi òróró ra orúnkún ọ̀hún lálaalẹ́, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, Sururat ti fẹ́ sọ yín di arúgbó o. Ṣé ẹja lẹ wá wò ní Japan? Ẹja ò sí ní Nàìjíríà ni?" O mọ ohun tí ò ń ṣe. O mọ̀ pé Màmá ò ní fẹ́ kí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí rò pé agbára àwọn ti tán.

Ìwọ àti Màmá bọ́ bàtà sínú ọ̀rá, ẹ wọlé. Èmi dúró síta nítorí èébì ń gbé Aishah ọmọ mi. O ṣèlérí fún mi pé o ò ní fi ọwọ́ Màmá sílẹ̀.

Nígbà tí mo máa rí ọ, ìwọ nìkan lò ń bọ̀, ò ń wo fọ́tò nínú fóònù rẹ. Aishah ló kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Uncle, where's Grandma?" O ní wọ́n ń sinmi díẹ̀, pé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, pé ebi ń pa ọ́. O kọjá lára wa, o lọ jẹun.

Wá gbọ́ ohun tí o ò rí. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, mo wọlé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà. Lókè lọ́hùn-ún ni mo ti bá Màmá lórí pákó lásán, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di òpó mú. Orúnkún ti há. Wọ́n ti tọ̀ sára. Ìyá wa, tí kì í jẹ́ kí ìborí yẹ̀ lórí wọn níwájú àlejò! Àwọn èèyàn ń yà fún wọn, wọ́n ń kọjá. Obìnrin ará Japan kan ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó ti so ó mọ́ Màmá nídìí, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ń rọra pa wọ́n lẹ́yìn. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tirẹ̀. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ààfin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí Màmá ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń fi ìdí wọ́ àtẹ̀gùn bí ọmọ tí kò tíì rìn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún sọ ṣáá: "Sururat, mo bẹ̀ ọ́, Waleed ò gbọdọ̀ gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì a dé ìlú Takayama. Láàárín ilé onípákó àtijọ́ wọ̀nyẹn, ò ń pariwo pé Màmá ń fa ẹsẹ̀, pé wọn yóò jẹ́ kí ọkọ̀ fi wá sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rín gbà á. Bí èèyàn bá bi mí lónìí bí ìlú náà ṣe rí, ìpàkọ́ rẹ tí ò ń lọ níwájú wa nìkan ni mo lè ṣàpèjúwe.

O ní o fẹ́ wá mú Màmá lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ jọ lọ gun òkè ní Colorado. Má wá. Ilẹ̀kùn mi ò ní ṣí fún ọ. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Yọ fídíò yẹn lónìí, má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Má pe Màmá pé o fẹ́ bẹ̀ wọ́n, torí bí wọ́n bá fura pé o ti gbọ́, ìtìjú lè pa wọ́n. Ìyà tìrẹ nìyẹn, Waleed: o ó máa gbé e kiri, o ò sì ní rí ẹni tí wàá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bá mi kí Husseinat àti àwọn ọmọ. Aishah ní kí n kí wọn. Màmá náà kí ọ. Wọ́n ní o káre, pé fọ́tò tí o yà fún àwọn dára púpọ̀. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí pé ìyá kan náà ló bí wa,
Sururat.