Fọ́ọ̀mù Erékùṣù Ẹyẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, a sì ń jẹun. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà ń kí ọ, torí a máa ń gbọ́ dídún rẹ̀ kí ìyá rẹ tó wọlé.

Mo rí ìwé tí o fi rán awakọ̀, èyí tó ní àwòrán erékùṣù tí ẹ fẹ́ lọ àti ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé yín lọ. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe káfíńtà, mo wo ọkọ̀ yẹn títí, mi ò rí ojú ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Bá mi bi àwọn tó ń kó yín lọ pé ta ló kàn án, kí o sì bi wọ́n bóyá ẹni náà ṣì wà láyé. Wọ́n ní kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹyẹ àti ìjàpá inú òkun ló ni ibẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ni yóò wá kí yín káàbọ̀? Ìyá rẹ ní àwọn ẹyẹ tó ń jẹ àgbàdo wa níbí, ọ̀fẹ́ là ń wò wọ́n.

Ní ti fọ́ọ̀mù tó wà nínú ìwé náà, tí wọ́n ní kí òbí kọ, tọkàntọkàn ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n béèrè oúnjẹ tí ara rẹ kì í gbà, mo kọ ọ́ pé èyí tí kò bá ní ẹran. Àfi ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní ta ni kí àwọn pè bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n tún un kà, mo tún un kà, ló bá ní kí n má kà á mọ́. Ṣé bí ọmọ ẹni bá ń lọ sí ìrìn àjò, ibi là ń fi bírò pè? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún béèrè ẹnì kejì, mo kọ ọ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀ rárá.

Àṣé wọ́n á dá a padà. O pè lánàá, ò ń sunkún, o ní bí fọ́ọ̀mù ò bá pé di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé àyè rẹ fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì lo fi tọ́jú owó ọkọ̀ náà. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Omi ń bà mí lẹ́rù, ìwọ nìkan la sì bí. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti gbọ́ ẹkún rẹ, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Fọ́ọ̀mù tuntun ti wà lọ́wọ́ awakọ̀. Mo fa igi lé ọ̀rọ̀ jàǹbá wọn, mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé bí ọmọ náà bá ti gúnlẹ̀ láyọ̀, bàbá rẹ̀ ni kí wọ́n pè. Nọ́ńbà mi wà níbẹ̀ gàdàgbà. Jọ̀ọ́, fi owó káàdì ránṣẹ́, owó ńlá ni o, kí fóònù lè lágbára tó láti gbọ́ ohùn látorí omi, torí ọ̀nà jìn.

Omi ò ní gbé ọ lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí o fi wọkọ̀, òun náà ni wàá fi sọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti jókòó ti fóònù láti àárọ̀ yìí.