Ta Ni Yóò Pè Mí Wọlé?

Bàbá mi, Àjàní ọkọ ìyá mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí. Tóní ọmọ-ọmọ mi ní kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo ní rárá. Ìwé kẹta ni mo kà dé lóòótọ́, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n kọ. Tí ìlà rẹ̀ bá wọ́, ẹ bá mi fi ojú tọ́ ọ.

Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Orúnkún mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Bísí ọmọ mi fẹ́ wá kó mi lọ sí Mágódò ní Sátidé, kúrò nínú ilé yín n'Íkòsì níbí. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá wọ ibẹ̀, kò ní sí ẹni tó mọ ẹni tó wọlé. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mégáàdì wò mí láti òkè délẹ̀: "Mama, who you be?" Mo ní Ìyá Alálùbọ́sà ni mí ní Mile 12, tí tírélà òkè Ọya máa ń dúró dè. Mo ní Màmá Ìjọ ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mama, na who you dey find?" Orúkọ Bísí ló padà ṣí géètì.

Tóní, ọmọ Bísí, ni wọ́n rán wá kó wá fẹnu dídùn tàn mí lọ. Yunifásítì ló wà. Eré àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́, ti ayé ìgbà tí ọmọkùnrin ń wọṣọ obìnrin ṣeré, tí ọba ń kú lórí ìtàgé lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń jiyàn lórí eré náà ló ń kà jù. Ìjà wọn ni pé tí wọ́n bá bọ́ adé àti ẹ̀wù lára ọba inú eré, ṣé ẹnìkan ṣẹ́kù? Àwọn kan ní ẹnìkan wà nínú lọ́hùn-ún tí ojú ò rí. Àwọn kan ní òfìfo ni, pé aṣọ àti oyè àti ohun tí ayé ń pè é ló di èèyàn.

"Grandma, ẹ̀yin ńkọ́? Tí ẹnikẹ́ni ò bá wò yín, ta ni yín?"

"Ẹni tí ebi ń pa. Lọ gbómi kaná."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lára mi. Ẹ̀yin ni mo rántí, nínú eré Kérésì ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹ máa ń ṣe ọba búburú tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀wù pupa, irùngbọ̀n òwú. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa pariwo tẹ̀lé mi: "Ọmọ apọmọ! Ọmọ apọmọ!" Ẹ kì í bọ́ ẹ̀wù yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ á wọ̀ ọ́ wálé, ẹ á kanlẹ̀kùn, èmi á bèèrè láti inú ilé pé ta nìyẹn, ẹ ò ní fọhùn. Ó dìgbà tí mo bá pe oríkì yín, èmi ọmọ tí kò gbọdọ̀ pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, kí ẹ tó mí kanlẹ̀, kí ẹ ṣí adé. Lọ́dún kan oorun ti gbé mi lọ. Màámi ṣílẹ̀kùn gbayawu: "Bàbá ọmọ mi, ẹ wọlé jàre, ọyẹ́ ń fẹ́!" Ẹ dúró bí òpó títí wọ́n fi jí mi. Ṣé eré lẹ fi ń ṣe, Bàbá? Àbí ẹ̀rù ọba yẹn ń ba ẹ̀yin náà?

Mo sọ ọ́ fún Tóní. Ó fò sókè. Ó ní ohun tóun ń wá gan-an nìyẹn, pé ẹ ò sí nínú ẹ̀wù yẹn rárá, ohùn mi ló ń dá yín padà. Inú bí mi. Bàbá mi kì í ṣe àpò tí wọ́n ń rọ nǹkan sí! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti papò dà, kò sẹ́ni tó pe oríkì mi mọ́. Ṣé ọmọ yín yẹn ṣì wà nínú Ìyá Alálùbọ́sà?

Láàárọ̀ yìí, Tóní ń ká aṣọ mi sínú báàgì bí ẹni pé mo ti gbà. Mo jáde lọ da omi nù, atẹ́gùn pa ilẹ̀kùn dé. Mo kàn án.

"Ta nìyẹn?"

Mi ò fọhùn.

"Ta nìyẹn? Grandma?"

Mo dúró. Orúnkún ń ta mí.

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ìdí ilẹ̀kùn gan-an ni ohùn rẹ̀ wà. "Grandma, mi ò mọ oríkì yín. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Kí ni kí n pè yín?"

Ìgbéraga ní kí n máa dúró. Ẹsẹ̀ ní kí n sọ ọ́. Mo fẹnu ara mi sọ ọ́, Bàbá. Tóní gbé ohùn rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ, bí ọmọ Èkó: "Grandma Àwẹ̀ró, ẹ wọlé o." Nǹkan kan nínú mi dáhùn kí ẹnu mi tó dáhùn. Mo wọlé, mo jókòó, mo mí kanlẹ̀.

Màá lọ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé òun ni yóò kọ́kọ́ wọ géètì yẹn, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mégáàdì, yóò pè mí. Tí kò bá pè mí, ìta ni màá wà. Wọ́n á ní agídí ni. Ẹ̀yin mọ ibi tí mo ti jogún rẹ̀.

Ọwọ́ ń ro mí, ẹ jẹ́ kí n fi bírò sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá kanlẹ̀kùn tiyín, ẹ má bi mí pé ta nìyẹn. Ẹ ṣáà pè mí.

Àwẹ̀ró yín.