Ọwọ́ Ta Ló Kọ Ìjábọ̀ Bàbá Etí

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Wọ́n tan Ọmọ Tuntun, ẹ̀rọ aṣọ́nà kọ̀ǹpútà wa, lónìí, aago mẹ́jọ àárọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé gùn ju ojú ewé yìí lọ. Ọmọ Tuntun ni èmi ń pè é, torí pé láti oṣù márùn-ún kò jẹ́ kí n sinmi, kò sì mọ ohunkóhun ju ohun tí mo fi kọ́ ọ lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá jí páásíwọ̀ọ̀dù lè wọ inú kọ̀ǹpútà wa bí onílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ológun kejì nìyẹn, tí ọ̀tá ń ka lẹ́tà wọn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n ta ló lè jí ọwọ́? Àkókò tó wà láàárín lẹ́tà kan sí èkejì lórí kíbọ́ọ̀dù, bí ìka ṣe ń pẹ́ tó lórí bọ́tìnnì kó tó gbéra — kò sí ẹni méjì tí tiwọn rí bákan náà gẹ́lẹ́. Ọmọ Tuntun ń wọn gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi ara rẹ̀: ṣé ẹni àtẹ̀yìnwá náà nìyí? Bó bá jẹ́ òun, iná aláwọ̀ ewé. Bí kì í bá ṣe òun, pupa.

Ọwọ́ àwa mẹ́rìnléláàádọ́fà ló mọ̀. Inú ìjábọ̀ ọdún tó kọjá ni mo ti yọ ọwọ́ olúkúlùkù, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mo fọwọ́ sí ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: *ọwọ́ ẹni tó ni orúkọ yìí ló tẹ èyí.* Ìfọwọ́sí mẹ́rìnléláàádọ́fà. Ọrùn ọwọ́ ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ọ̀gá wa dúró tì mí fún wákàtí kan. Ọ̀gá Bírò — bírò kì í dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí èyí bá ṣiṣẹ́, ìgbéga rẹ ti dé." Kó, kó, kó, bírò rẹ̀ ń dún.

Gbogbo wọn ewé. Ẹyọ kan pupa. Àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, mo rò.


Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Pupa kan náà. Bàbá Etí.

Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yìí ní Yàrá Etí, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́tí sí rédíò ọ̀tá, kí wọ́n tó gbé mi wá sí Yàrá Ààbò. Àwọn yòókù níbẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bàbá nìkan ló ṣì ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò di ojú, yóò gbé ẹ̀rọ etí wọ̀.

Ọmọ Tuntun ní ẹlòmíràn ló ń lo orúkọ rẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n rán olùwádìí wá, obìnrin kan tí fáìlì rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ apá. Onífáìlì. Kì í pariwo. Ó ń bèèrè nǹkan bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà.

Ó ní kí Bàbá jókòó, kó tẹ ojú ìwé kan níwájú òun, ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Bàbá kọ̀. "Èmi kì í ṣe ọmọ iléèwé."

"Bàbá, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ lè parí síbí."

"Ṣé mo sọ fún yín pé ó ń kán mi lójú?"

Kí ló dé tó kọ̀? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ni ojú ìwé kan? Mo kọ ìbéèrè yìí sílẹ̀, kò sì wù mí pé mo kọ ọ́.

Wọ́n gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ló yẹ kó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi pé ó gbé àga rẹ̀ fún àlejò, iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti wọmi nìyẹn. Yóò jáde bí ọ̀dàlẹ̀.


Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta

Mo bá a lẹ́nu géètì. Ó wá mú agboòrùn rẹ̀, sójà kan dúró tì í.

"Akọ̀wé, ṣé o ń jẹun?" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, Akọ̀wé. Mo ní mò ń jẹun. Ó ní irọ́ ni, ọrùn mi ti dà bíi ti adìyẹ.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Oníkọ́ ti padà dé, láti ọjọ́rú. Kí n sọ fún Bírò.

Oníkọ́ ni oníṣẹ́ rédíò kan ní ìhà ọ̀hún. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó máa ń hú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ máa ń pa ikọ́ náà rẹ́, torí ariwo lásán ni lójú rẹ̀. Bàbá ló mọ̀ pé nígbàkigbà tí Oníkọ́ bá dé orí afẹ́fẹ́, ọkọ̀ ọ̀tá yóò gbéra láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Mo sọ fún Bírò. Ó wò mí títí. "Ẹni tí iná rẹ̀ pupa ló sọ bẹ́ẹ̀?" Kò kọ ọ́ sílẹ̀.


Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Mo fọ aṣọ. Mo tún fọ èyí tí mo ti fọ̀.


Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Onífáìlì ní kí n wá ẹni tó ń jókòó sí àga Bàbá. Mo kó ohun tí wọ́n tẹ̀ lórúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ kejì dé ọjọ́ karùn-ún, mo fi wé ọwọ́ àwa mẹ́tàléláàádọ́fà yòókù. Kò bá ẹnikẹ́ni mu. Ọwọ́ kan tó ń falẹ̀, ìka méjì péré, ó ń wá lẹ́tà kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Àlejò ni, nígbà náà. Onífáìlì kọ ọ́ sínú fáìlì. Inú mi bàjẹ́ pé iṣẹ́ mi dára tó bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Ọkọ̀ ọ̀tá mẹ́fà gbéra lánàá. Àwọn sójà wa tó wà lójú ọ̀nà kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Méjì fara gbọgbẹ́. Wọ́n ní wọn ò ní kú.

Bírò rìn kọjá lára mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bírò rẹ̀ ò dún.

Ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ Bàbá lọ́jọ́rú tó ń bọ̀.


Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ létòlétò, kí n má baà tan ara mi jẹ.

Mo jókòó sí fàráńdà, mò ń tẹ lẹ́tà fún ẹgbẹ́ òbí iléèwé. Káfíńtà — ọkọ mi — pariwo láti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé: "Ìyàwó, kí ni lẹ́tà yẹn ṣe fún ẹ tó o fi ń nà án?"

Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé èmi ni, kì í ṣe ọmọ wa.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè dá káfíńtà mẹ́wàá mọ̀ láti ara bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó, ṣé ìyàwó òun lòun ò wá ní mọ̀? "Ọmọ ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ bí òjò. Ìwọ á sáré-sáré, wàá wá dúró díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń bá ẹ sọ̀rọ̀ tó ò fẹ́ kó bọ́ ẹ létí. Kó o tó dé Yàrá Etí, o kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ẹnì kan ń bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yàrá Etí nìyẹn, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì dé ibẹ̀: ẹni tó ń gbọ́ kì í kọ̀wé, kí etí rẹ̀ má baà pín sí méjì. Yóò di ojú, yóò máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ẹni tó gbọ́ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Nígbà tí òfin dé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo orúkọ ẹlòmíràn, a fọwọ́ sí òfin náà, a sì padà sídìí iṣẹ́. Kò wá sí wa lọ́kàn pé àwa ni wọ́n ń bá wí.

Ìjábọ̀ ọdún tó kọjá. Oṣù mẹ́ta. Orúkọ Bàbá. Ọwọ́ mi.




Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹta

Mo bi Ọmọ Tuntun ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí. Kì í ṣe ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ nísinsìnyí. Ta ló jókòó níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Ó dá mi lóhùn kí n tó mí: orúkọ mi. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò sí àlejò kankan. Ọwọ́ tó ń falẹ̀ yẹn, ìka méjì yẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ti ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ aṣọ́nà pé èmi ni Bàbá.

Mo lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń tún ẹsẹ̀ àga ṣe. Kí n tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́, ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní."

"Ìdí tẹ́ ẹ fi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn?"

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú obìnrin yẹn, kí ló máa bèèrè tẹ̀lé e? Á ní, ta wá ló ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé, Akọ̀wé. Wọ́n á lé ẹ."

Mo ní kí wọ́n lé mi.

Ó bínú. Mi ò rí i kó bínú rí. "Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí! Wọ́n fẹ́ lé mi, ibo ni mo ti ń lọ tẹ́lẹ̀? Ilé náà ni. Ìwọ ṣì ní ogún ọdún. Màá sọ fún wọn pé mo gbàgbé, mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí, mi ò mọ ẹni tó wọlé. Má dá sí i. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Ó fún mi ní ìṣó kí n bá a dì í mú. Mo dì í mú, ó sì kàn án wọlé.


Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹta

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lónìí. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ní àǹfààní rẹ̀.


Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta

Bàbá dé iwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú kóòtù tó ti há mọ́ ọn lápá. Ó bẹ̀rẹ̀ irọ́ rẹ̀. Kò mọ irọ́ í pa — ó sọ pé òun fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí òun lọ jẹun ọ̀sán. Gbogbo ayé mọ̀ pé Bàbá kì í jẹun ọ̀sán.

Mo dìde. Bàbá ní, "Jókòó, Akọ̀wé." Mi ò jókòó.

Mo ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá. Mo wọlé lórúkọ Bàbá, mo tẹ ìlà mẹ́wàá lójú gbogbo wọn. Iná aláwọ̀ ewé. Mo wá bẹ Bàbá kó jókòó. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó tẹ ìlà méjì, ìka méjì, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Pupa.

Onífáìlì ló kọ́kọ́ bèèrè: "Ṣé ẹ̀ ń sọ pé ojú yín lẹ fi han aṣọ́nà, tẹ́ ẹ ní ojú Bàbá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo sì fọwọ́ sí i."

Ó ti fáìlì pa. Ó ní ti Bàbá ti parí. Ti èmi ló kù.

Bàbá ṣíwájú mi jáde. Lẹ́nu géètì ló tó yíjú padà. "Olórí kunkun."


Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Wọ́n gba Ọmọ Tuntun lọ́wọ́ mi. Ìgbéga ti lọ. Bóyá wọn yóò lé mi, Bírò yóò sọ kí oṣù tó parí. Káfíńtà ní bí wọ́n bá lé mi, òun ń wá ẹni tí yóò máa pariwo mọ́ àwọn oníbàárà òun. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.


Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹta

Wọ́n ń tún Ọmọ Tuntun kọ́. Bàbá ní láti tẹ ojú ìwé ogún kó lè mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Níbo ni wọ́n gbé lẹ́tà yìí pamọ́ sí? Àbí ẹ ti yọ ọ́ kúrò?"


Ẹtì, 27 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ ìkẹyìn Bàbá. Òfin ni pé kí ẹni tó ń lọ kọ ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú. Èmi àti Bírò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì, a ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Mo dà á kọ síbí:

*Fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo gbọ́, akọ̀wé mi ló kọ ọ́. Èmi ni mo ní kó máa kọ. Bí ẹ bá ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i, ẹ kà á sí mi lọ́rùn kí n tó jáde. Oníkọ́ máa ń hú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè dá a mọ̀ nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí àga mi.*

Iná aláwọ̀ ewé. Ọmọ Tuntun ní òun ni.

Bírò kà á, ó tún un kà. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní láìwò mí, "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, Yàrá Etí. Orúkọ ara ẹ ni kó o fi wọlé o."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣe ohun tí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí mọ́: mo wo bí Ọmọ Tuntun ṣe wọn ìwé náà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ọwọ́ Bàbá falẹ̀ níbi gbogbo, ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì, nígbà míì mẹ́ta. Ibì kan ṣoṣo ló ti dúró pátápátá, tí ìka rẹ̀ wà lókè láìtẹ ohunkóhun fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ láìdúró, láìwá lẹ́tà kankan kiri:

*akọ̀wé mi.*