Ìwádìí Lórí Ọ̀gbẹ́ni Kò-Tíì-Tó-Àsìkò

Mọ́ńdè, 3 Fẹ́búárì
Èmi, Ọ̀gá Ọlọ́pàá Àgbà fún gbogbo odò, ni mo ṣí ìwé yìí. Ẹni tí à ń wádìí: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò ṣe fàájì. Mo sọ ọ́ ní Kò-Tíì-Tó-Àsìkò. Ẹ̀sùn: Màmá Àgbà, ìyá tó bí i, fẹ́ gòkè odò lọ wo ilé tí wọ́n sin ọkọ wọn sí, kí ojú wọn tó fọ́ tán. Dókítà ní ojú yẹn ò lè kọjá oṣù kẹfà. Kò-Tíì-Tó-Àsìkò ní kí wọ́n dúró de ìkún omi. Oṣù kẹsàn-án!

Wẹ́sìdeè, 5 Fẹ́búárì
Èmi ni mò ń gbé fóònù ọ́fíìsì rẹ̀. Àlejò kan béèrè ìgbà tó dáa jù. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí wọ́n wá báyìí — ẹ̀ẹ̀rùn ló dùn, atẹ́gùn àárọ̀ tutù, ẹ̀fọn ò sí, ẹyẹ kún orí iyanrìn. Ìgbà òjò kẹ̀? Abẹ́ ọ̀rá ni wọn óò jókòó sí títí dé ilé.
Ọ̀sán, Màmá Àgbà dé. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀rùn ò dáa rárá, ọkọ̀ á há sórí iyanrìn, oòrùn á pa wọ́n.
Ẹnu kan náà.

Fúráìdeè, 7 Fẹ́búárì
Ó tún sọ ọ́ fún wọn: kò tíì tó àsìkò.

Mọ́ńdè, 10 Fẹ́búárì
Mo bi awakọ̀ wa (mo sọ ọ́ ní Àgádágodo) bóyá ọkọ̀ máa ń há. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́dún mẹ́wàá. Ló bá wo ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì. Hùn-ún. Kò-Tíì-Tó-Àsìkò ti ta ilé bàbá rẹ̀ ni. Mo fi orí mi búra.

Tọ́sìdeè, 13 Fẹ́búárì
Mo ṣe é. Mo fi ohùn Kò-Tíì-Tó-Àsìkò pe Màmá Àgbà lórí fóònù — imú dídí, ikọ́ méjì ṣáájú ọ̀rọ̀. Sátidé, aago méje, kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi."
Kò dùn mọ́ mi tó bí mo ṣe rò.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì
Bàtà tuntun ni Màmá Àgbà wọ̀ wá. Wọ́n ti jókòó sáàárín àlejò mẹ́fà kí Kò-Tíì-Tó-Àsìkò tó rí wọn. Ta ló máa lé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lójú àlejò? Ó wò mí. Mo ń wo ẹyẹ.
Wákàtí méjì. Ọkọ̀ ò há. Bí odò ṣe ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, Kò-Tíì-Tó-Àsìkò lọ dúró síwájú wọn, bí ẹni tó ń ṣíji bò wọ́n.
"Kúrò lójú mi."
Ó kúrò. Omi ti fà, gbogbo nǹkan hàn. Etí odò ti ya lulẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló kù, ó so rọ̀ lórí omi. Kò sí ilé. Kò sí sàréè. Ìkún omi ọdún tó kọjá ló gbé e lọ. Ọmọ wọn mọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ì bá gbé wọn wá, nígbà tí ojú wọn á ti ṣú, tí omi á sì ti bo ojú ibẹ̀, kó lè ní abẹ́ omi ni ilé wà.
Màmá Àgbà wò ó títí ọkọ̀ fi kọjá. Wọ́n bi ọmọ wọn pé, "Ṣé ìwọ lo pè mí?"
Ó ní, "Èmi ni, Màmá."
Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun tí o jẹ́ kí n rí i."
Irọ́ ló pa. Èmi ni mo pè wọ́n. Kò sí ọ̀gá ọlọ́pàá kankan níbí — ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n lé nílé ìwé torí ó fi ohùn ọ̀gá ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé.
A ti dé láti ọ̀sán. Kò tíì bá mi wí.