Àga Mi Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bíi tèmi gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cleveland ni mo yàn. Yunifásítì ńlá tí gbogbo ilé wa ń wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Sátidé ni bàbá mi fẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé ẹni mẹ́sàn-án ló wà ní kíláàsì wa, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ń pín àga lò ni?" Ó gbà pé lẹ́yìn ọdún kan, màá kọjá sí ọ̀hún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù mú mi, n kò lọ sí kíláàsì. Lọ́sàn-án, olùkọ́ wa gbé ọbẹ̀ adìẹ wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Àga rẹ ṣófo láàárọ̀. A ò rẹ́ni bá wa jiyàn." Èmi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ò já mọ́ nǹkan kan! Ọkàn mi balẹ̀ síbí, n kò fẹ́ lọ mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún bàbá mi tí kò ní dùn ún?

Olóòtú, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má ka ọ̀rọ̀ pípín àga yẹn síta. Bàbá mi máa ń gbọ́ yín nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, yóò sì dá àwàdà ara rẹ̀ mọ̀.