Omi Odò Wa Ti Mọ́ Jù

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara Ìyá ti ń le. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fi ránṣẹ́ bá wọn lára mu. Mo ti dí òrùlé ilé ìdáná tó ń jò.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló kù. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti dé òkè odò, omi tó ń wọ adágún ẹja wa ń kan lẹ́nu, ó sì mọ́ débi pé mò ń rí òkúta ìsàlẹ̀. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà. Àfi bí ẹja ẹpìyà tí mò ń sìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Mo ṣí ibi tí ọ̀kan fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ikun ti dí i pa. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé abúlé wa ní òkúta tí àwọn awakùsà wú jáde ló ń mú omi kan, pé omi kíkan náà ló ń yọ́ irin inú òkúta, tó sì ń mú kí ìdọ̀tí rẹlẹ̀ tí omi fi mọ́ bẹ́ẹ̀. Irin yẹn á lẹ̀ mọ́ ibi ìmí ẹja, iyọ̀ ara rẹ̀ á máa ṣàn dànù, títí á fi kú.

Bàbá Kékeré ní irọ́ ni, pé omi ò ṣe nǹkan kan, àìsàn ẹja lásán ni, ká yáa ta ilẹ̀ adágún náà fún àwọn awakùsà. Ara ń fu mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé títa ilẹ̀ tí Bàbá Kékeré fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbi iṣẹ́. Tí Bàbá Kékeré bá tún pè yín, ẹ bá mi bi wọ́n: àwọn fúnra wọn tí ilé wọn wà létí odò yìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń ra omi wẹ̀ láti oṣù mẹ́ta?

Àbúrò yín, ọlọ́sìn ẹja.